Ọjọ́ Tí Mo Ki Míkírò Bọ Inú Gìtá

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹnikẹ́ni ní agbo ilé wa ní Kétu lè rán mi lọ mú ògúnná wá, ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ti ń dúró jẹ́ẹ́. Bí mo bá rí okùn tó nà tantan, àfi kí n ta á kí n gbọ́ ohun tó máa sọ. Okùn tí ìyá mi ń sá aṣọ sí, mo ta á títí ó fi já, agbádá ìmúròde bàbá mi sì balẹ̀ sínú erùpẹ̀ pupa. Okùn tí wọ́n fi so òbúkọ mọ́lẹ̀, mo ta òun náà, òbúkọ sì kàn mí níkùn. Ẹ̀yin ọmọọmọ mi tí ẹ jókòó yìí, tí ẹ ti ki nǹkan bọ etí méjèèjì, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ariwo ṣe fún mi ní aya.

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo fi agolo sàdínì àti pákó kan ṣe gìtá ti ara mi. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀fọn tó há sínú ìgò, síbẹ̀ mo ń gbé e yan kiri bí ọba. Ìgbà tí mo di géńdé ni mo tó rí gìtá gidi. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ló gbé e bọ̀ láti Abijáànì níbi tó ti lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó. Kò mọ̀ ọ́n ta rárá. Ó kàn gbé e kọ́ sára ògiri kí àlejò lè mọ̀ pé ó ti rìnrìn àjò, ọmọńlé sì ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ìyàwó kejì, ìyàwó yẹn ní òun kò lè sùn nínú yàrá tí nǹkan ọlọ́rùn gígùn báyẹn ti ń wo òun láti orí ògiri. Bí gìtá ṣe di tèmi nìyẹn. Mo gbọn ẹyin ọmọńlé dànù, mo nu eruku rẹ̀, láti ọjọ́ náà sì ni wọn kò ti pè mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí mọ́. Alágìtá ni gbogbo ìlú ń pè mí.

Okùn irin tó wà lára rẹ̀ ti dógùn-ún, wọ́n já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Kétu wa, ta ni ó ta okùn gìtá fún ọ? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó máa ń lọ ra ọjà ní Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà ló bá mi ra okùn ìpẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀, èyí tí wọ́n ń so ìwọ̀ mọ́. Mo fi wọ́n rọ́pò. Ohùn wọn rọ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n kò rìn jìnnà.

Kò sẹ́ni tó bìkítà nígbà yẹn. Àfìgbà tí ilẹ̀ wa gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, tí gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹgbẹ́ olórin kan wá láti Kútọnu, wọ́n gbé gìtá oníná wá, wọ́n gbé àńpílí wá, ìyẹn àpótí tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Ọ̀kan nínú wọn kàn fi èékánná ta okùn lẹ́ẹ̀kan péré, àdán tó wà lórí igi bú gbàù, wọ́n fò lọ. Láti ọjọ́ náà ni gìtá tèmi ti tẹ́. Bí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi bá lọ ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n ń lu agogo, tí wọ́n ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á yọjú láti ẹ̀yìn, á ní, "Alágìtá, ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí o ṣì ń tún un ṣe?"

Èyí kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ìyá àgbà yín. Òun nìyẹn tó ń gé ilá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ Odòmẹ́ta ni, abúlé kan nítòsí wa. Ó máa ń ru ẹ̀pà wá sí ọjà Kétu, ibi tí mo bá sì ti ń ta gìtá ló máa ń sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ó ní òun ń gbọ́ ọ. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń gbọ́ ọ nínú ariwo ọjà, ó ní ṣé òun kò lè tẹ́tí ni? Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀ràn wá ku ti bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ pàtàkì ni, ó sì ti ṣe ọdẹ rí. Ìbọn kan bú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà èwe rẹ̀, ó sì bá etí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò gbà bẹ́ẹ̀ o. Lójú tirẹ̀, etí òun dá ṣáká, àwọn èèyàn ni kò mọ ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Á ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti gba òmìnira wọn yìí, gbogbo èèyàn ló ń kùn sínú bí ẹni tó jí ẹran jẹ." Bí o bá kí i "Ẹ káàárọ̀", á dá ọ lóhùn pé iṣu náà ta dáadáa.

Ní ayé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ọ̀wẹ̀ ló máa ṣe fún àna rẹ̀. Ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni ẹ ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ẹ ó lọ kọ ebè iṣu fún un láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn yóò fi yẹ àtàrí. Mo ṣe ọ̀wẹ̀ tèmi lọ́dún kan, bàbá ní òun ṣì ń wò mí. Mo ṣe é lọ́dún kejì, ó ní òun ṣì ń wò mí. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà yín máa tó ké láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: àwọn ẹgbẹ́ mi ló ń kọ ebè jù. Èmi ń fi gìtá gbà wọ́n níyànjú. Bàbá á jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, á na ìka sí mi, á ní, "Kí ni ọmọ Kétu yìí ń họ níkùn igi yẹn láti àárọ̀?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá burú ni pé ọkùnrin kan yọjú láti Pankú, òun náà wá tọrọ ọmọ náà. Ó ní ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo. Bó bá tan ẹ̀rọ yẹn, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, ajá á máa gbó. Àna mi gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró gbagidi, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. Ó ní, "Hẹn-ẹn! Èyí ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀!" Láti ìgbà náà ni ará Pankú ti ń gbé ìyẹ̀fun àgbàdo wá sí Odòmẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́, àpò lẹ́yìn àpò.

Nígbà tí ọ̀wẹ̀ ọdún kẹta ku díẹ̀, bàbá pè mí síwájú àwọn àgbààgbà. Ó ní, "Ọmọ Kétu, n kò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí n kò gbọ́ ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ yìí, orí àga mi ni n ó wà. Bí mo bá gbọ́ gìtá rẹ níbẹ̀, mú ìyàwó rẹ lọ. Bí n kò bá gbọ́ ọ, Pankú ni yóò lọ." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Bí mo ṣe gbọ̀nà Àjàṣẹ́ nìyẹn. Kàmíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù, gbé mi dé Pọbẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Mo ti fi ìró ìyá mi wé gìtá náà torí eruku, mo gbé e sáyà. Ìyá kan tó jókòó tì mí wò ó, ó ní, "Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Mo ní gìtá ni. Kò gbọ́ mi dáadáa, ó ní orúkọ yẹn dára, ìyá ọmọ náà ńkọ́? Mo ní ìyá rẹ̀ wà ní Odòmẹ́ta, bàbá rẹ̀ kò tíì fi í fún mi. Ìyá náà rọra kó ẹrù rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun kejì.

Bàbá oníṣòwò kan, Mùsùlùmí, ni wọ́n júwe fún mi. Ó ń ta rédíò, tọ́ọ̀ṣì àti oríṣiríṣi wáyà. Mo sọ fún un pé míkírò ni mò ń wá. Míkírò ni àwa tí a gba èdè Faransé sọ́wọ́ ń pe nǹkan kékeré tí í gbọ́ ohùn gìtá, tó sì ń fi wáyà gbé e lọ fún àńpílí. Bàbá náà tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó gbé oríṣi méjì kalẹ̀. Ọ̀kan gùn bí ìyarun, wọ́n máa ń dè é mọ́ ẹnu gìtá lábẹ́ okùn. Ìkejì rí roboto bí awẹ́ obì, inú ikùn gìtá ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó gbé ti àkọ́kọ́ sún mọ́ ìṣó kan, ìṣó fò mọ́ ọn. Ó ní, "O rí i? Irin lèyí ń gbọ́. Okùn wo ló wà lára tìrẹ?"

Mo tú ìró ìyá mi. Bàbá fi ìka kan okùn náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Okùn ìpẹja! Ọmọ Kétu, ẹja mélòó lo ti pa nínú igi yìí?"

Mo ní kí ó wá okùn irin bá mi. Ó ní kò sí, ọkọ̀ òkun tó máa kó o wá kò tíì dé Kútọnu, Ọlọ́run ló sì mọ ọjọ́ tó máa dé. Ó wá gbé èyí tó rí bí awẹ́ obì lé mi lọ́wọ́. "Èyí kò ṣe ìyọnu lórí okùn. Pákó ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún ọ o, kì í ṣà gbọ́. O wúkọ́, ó gbọ́. O fi bọ́tìnnì ẹ̀wù kan pákó, ó gbọ́. Ẹnìkan bú ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ó gbọ́ ìyẹn náà, yóò sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé."

Mo ronú sí i. Mo ní àna tí kì í gbọ́ nǹkan kan, míkírò tó ń gbọ́ gbogbo nǹkan ló yẹ kí n fi bá a. Ẹ wo bí ọpọlọ mi ṣe pé tó nígbà yẹn. Àgbàdo tí mo tà lọ́dún náà bá míkírò lọ, mo padà sílé tayọ̀tayọ̀.

Nígbà náà ni ìyà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí àwọn obìnrin ti máa ń fi ìka kan igbá lọ́jà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti sán? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kan ikùn gìtá náà káàkiri, títí mo fi rí ibi tó dáhùn jù, mo fi èédú sàmì sí i. Mo fi ògì tó ki lẹ míkírò mọ́ ọn látinú. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí eku fi wọ inú gìtá lọ jẹ ògì. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́. Mo gbé e sí oòrùn kí ó gbẹ, ìda yọ́, míkírò já bọ́ kòó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń dẹ ẹyẹ ní kí ni mò ń da ara mi láàmú sí, ó fún mi ní àtè, oje igi tí wọ́n sè, tí wọ́n máa ń fi kun ẹ̀ka. Ẹyẹ tó bá bà lé e kò tún fò mọ́. Mo kun míkírò dáadáa, mo ki ọwọ́ bọ ẹnu gìtá, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àmì, mo ń kọ orin lọ wẹ́rẹ́ kó lè mú. Ó mú. Ó mú ọwọ́ mi náà.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ń bẹ níbẹ̀. Mo fa ọwọ́, gìtá tẹ̀ lé mi. Mo jáde sí agbo ilé, mo wọ gìtá bí ẹni wọ apá ẹ̀wù. Bàbá mi wò mí láti orí ẹní rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo mú gìtá ni, àbí gìtá ló mú ọ?" Àwọn aládùúgbò ti ń dé, kódà ọkùnrin Abijáànì yẹn wá, ó ní òun ti mọ̀ pé ohun tí ìyàwó òun ń bẹ̀rù nìyí. Ìyá mi ló yọ mí. Ó yọ́ epo pupa, ó ń dà á lé ìka mi díẹ̀díẹ̀ látẹnu gìtá, ó sì ń bú mi bó ṣe ń dà á. "Ẹyẹ Odòmẹ́ta lo fẹ́ mú, ara rẹ lo mú. Na ìka yẹn dáadáa!" Ọwọ́ mi jáde, ó pọ́n bí ọwọ́ ẹni tó jẹ ẹ̀wà. Míkírò ní tirẹ̀ kò mira. Gìtá náà ń rùn bí epo fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá gbé e kalẹ̀ báyìí, ìjàlọ á ti tò wá.

Mo fi irin gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀, mo fa wáyà gba ibẹ̀ jáde. Ó wá ku àńpílí. Ẹ rí i, àwọn ọmọ ogun ti gba ìjọba lọ́dún náà, wọ́n ní kí àwọn olóṣèlú pa ẹnu mọ́. Dírẹ́bà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa tó ti máa ń wà wọ́n kiri nígbà ìpolongo. Àńpílí wọn wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú ìwo irin ńlá tí ohùn ń gbà jáde, wọn kò rí iṣẹ́ ṣe. Bátìrì mọ́tò ni wọ́n ń lò. Dírẹ́bà ní òun yóò gbé gbogbo rẹ̀ wá fúnra òun bí wọ́n bá ti lè fún òun ní iyán.

Ọjọ́ pé. A dé oko Odòmẹ́ta ní ìdájí, a kọ ebè, èmi náà kọ díẹ̀. Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, a bọ́ sí abẹ́ máńgòrò níwájú ilé. Àna mi ti jókòó lórí àga rẹ̀, ó wọ fìlà tuntun. Ará Pankú náà ti dé pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Dírẹ́bà gun igi, ó so ìwo irin mọ́ ẹ̀ka, ẹnu rẹ̀ kọjú sí wa. A so wáyà mọ́ bátìrì. Mo gbé gìtá.

Kí n tó fọwọ́ kan okùn, ẹ̀rọ náà ti ké fíììììì! Ewúrẹ́ já okùn. Obìnrin kan da àgbá omi nù. Àna mi gbé orí sókè, ó ní, "Ta ló ń fìyà jẹ ẹlẹ́dẹ̀?"

Dírẹ́bà ní kò sí wàhálà, ìwo àti míkírò ló ń wo ojú ara wọn. Ó tún gun igi, ó yí ẹnu ìwo padà sí ìhà ibi tí àwọn ilé abúlé wà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ wá. Igbe náà dákẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ọmọ tí mo wá fẹ́ ní kí a wá jẹun ná, kí iyán má baà tutù.

Ẹ ó rántí pé ọkọ ìyàwó kò gbọdọ̀ gbé òkèlè lójú àna rẹ̀ láyé ìgbà náà. Ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ mì níwájú ẹni tí o ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn abà iṣu ni wọ́n gbé oúnjẹ wa lọ, gbogbo wa tẹ̀ lé e, àti dírẹ́bà. Mo wo ibi tí mo lè gbé gìtá sí tí ewúrẹ́ àti ọmọdé kò ní dé, kò sí ibi tó dà bí ẹ̀gbẹ́ àgbà. Mo gbé e ti àga àna mi. Kò sẹ́ni tó rántí yọ wáyà.

Òkèlè àkọ́kọ́ ni mo gbé sẹ́nu nígbà tí ohùn ńlá kan sọ̀rọ̀ láti orí igi máńgòrò. Ọ̀kan nínú wa ta kìjí, ó ní, "Àwọn olóṣèlú ti padà dé!" Kì í ṣe àwọn. Ohùn àna mi ni, ó ń dún lórí gbogbo òrùlé Odòmẹ́ta. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyí:

"Ìyá ilé, sún mọ́ mi, kí àwọn èèyàn má baà gbọ́."

Gbogbo abúlé tẹ́tí. Ẹni tó ń gún nǹkan fi ọmọ odó sílẹ̀.

"Ọmọ Kétu yìí ni n ó fún lọ́mọ o. Ojú rẹ̀ mọ́, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ ebè sí i. N ó ní n kò gbọ́ gìtá rẹ̀. Kódà kí ó wó ilé, n ó ní n kò gbọ́. Kí ó tún bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá ọmọ náà pariwo sí i létí, bí wọ́n ti máa ń bá a sọ̀rọ̀, igi sì bá a pariwo. "Ará Pankú ńkọ́?"

"Èwo ni ará Pankú? Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni mò ń jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ṣé ọwọ́ yẹn ni yóò mú ọkọ́ mi?"

A ti ń di ara wa mú lẹ́yìn abà, iyán ti há mi lọ́fun nítorí ẹ̀rín. Ìyá ọmọ tún sọ̀rọ̀. Ó ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lọ, kí ni ó tiẹ̀ fẹ́ fi gbígbọ́ gìtá ṣe? A ń gbọ́ bí àna mi ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ìyá ilé, n kì í gbọ́ ọ ni. Gbogbo wọn á máa jó, èmi á máa wo ẹsẹ̀ wọn. N kò mọ ohun tó ń mú wọn jó. Ó pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa. Ìyá àgbà yín ń bu omi fún wa lọ́wọ́ lọ́wọ́, ó gbé igbá sílẹ̀, ó fi ìgbátí ìró bojú. Títí dọ́jọ́ yẹn, òun tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nínú gbogbo Odòmẹ́ta, ẹnìkan ṣoṣo ni kò gbọ́ ohun tí igi sọ, òun náà ló sì sọ ọ́. Nígbà tí a fi yọjú láti ẹ̀yìn abà, èèyàn ti kún iwájú ilé. Ará Pankú ti gbé àpò ìyẹ̀fun rẹ̀ padà sórí kẹ̀kẹ́, ó ń lọ láìdágbére, n kò sì dá a lẹ́bi. Baálẹ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sí etí àna mi.

"A gbọ́!"

Àna mi ní, "Ẹ gbọ́ kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀! Ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ti ìyẹ̀fun, ti etí!"

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìwo tó wà lórí igi, ó tọ wáyà náà wá sílẹ̀ pẹ̀lú ojú títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti di ẹyin tó balẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, iyán ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo gbé ohun tó dójú ti àgbà wá sílé rẹ̀. Bó bá ní kí n dìde kí n máa lọ sí Kétu, kí n má sì padà wá mọ́, ta ni ó bá mi bẹ̀ ẹ́?

Ó ní, "Alágìtá, ṣé nǹkan yìí ló ṣe òfófó mi?"

Mo kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ẹ foríjì mí.

"Ṣé ó ṣì ń gbọ́?"

Mo ní ó ṣì ń gbọ́, igi náà sì ní ó ṣì ń gbọ́.

"Kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́."

Mo fa wáyà yọ. Bàbá ní kí n gbé gìtá wá sọ́dọ̀ òun, kí n ta á. Mo kúnlẹ̀ ti àga rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ orin tí a fi ń kọ ebè. Ó mi orí, kò gbọ́. N kò mọ ohun tó sọ sí i lọ́kàn. Bóyá ó rántí bí àgbẹ̀ ti máa ń fi orí ti òpó abà láti mọ̀ bóyá ikán wà nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé èjìká gìtá náà, ó dijú. Mò ń ta á lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń kan apá mi, òórùn tábà rẹ̀ ń bọ̀ sí mi nímú. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì bá orin náà mu rẹ́gí.

Ó ní, "Hẹn-ẹn. Èyí ni wọ́n ń jó sí."

N kò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Dírẹ́bà pàápàá sunkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sáré padà lọ jẹ iyán tó kù. Bàbá kò gbé orí kúrò títí orin fi tán. Lẹ́yìn náà ó nàró, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní kí n mú ìyàwó mi. Nígbà tí mo dìde, ó fà mí ní ẹ̀wù, ó ní kí n má gbàgbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ o. Lọ́dún kejì, èmi tí mo ti di ọkọ ni mo lọ kọ ọ́, ìyá àgbà yín sì dúró tì mí kí n má baà gbé gìtá.

Ìgbà ti yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ aya lónìí kò ní fọwọ́ kan ọkọ́, fóònù ni yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn àna. N kò bú wọn, ẹ̀yìn tó ń ro mí yìí mọ ìdí. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga ti kún ilẹ̀, mọ́ṣáláṣí ní, ṣọ́ọ̀ṣì ní, ẹni tó ń ta oògùn eku ní. Ẹ̀yin náà, ẹ ó wà ní Kútọnu, ẹ ó pè mí, ẹ ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mò ń gbọ́ yín. Ohùn yín mọ́ gaara, bí ẹni pé ẹ wà nínú yàrá. A ó kí ara wa, ó tán, ọdún á yípo kí n tó fi ojú kàn yín.

Àna mi lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Bí mo bá lọ kí i, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ kí ni à bá sọ? Á ní kí n gbé gìtá wá, á fi àgbọ̀n lé e, n ó máa ta á títí yóò fi tó o. Bàbá yẹn kò lè gbọ́ mi láìsún mọ́ mi, nítorí náà ó máa ń sún mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Gìtá náà wà lẹ́yìn mi níbí, mo sì ń ta á, ṣùgbọ́n apá mi ṣì máa ń wá irùngbọ̀n yẹn.